BÍ A ṢE Ń YAN RÍMÙ KẸ̀KẸ́ TÍ YÓÒ TỌ́JỌ́

Ẹ̀kọ́ fún àgbẹ̀ tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sóko, lọ sọ́jà, tàbí láti ìlú kan dé ìkejì

Ẹ̀kọ́ tí a máa ń kọ́ nínú ìwé yìí sábà máa ń dá lórí irúgbìn, ajílẹ̀ àti oògùn kòkòrò. Ti oṣù yìí yàtọ̀ díẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí, pàápàá jù lọ rímù, ìyẹn irin róbótó tí a ń gbé táyà lé. Ẹ má sọ pé kí ló kan Àgírìkì nínú ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́. Irè oko tí kò bá délé, tí kò dé ọjà, kò tíì di owó.

Ẹ̀yin náà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti dópin. Epo tí à ń rà ní nǹkan bíi ₦190 lítà kan fò kọjá ₦480 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti lé ní ₦600 ní ọ̀pọ̀ ibi. Owó ọ̀kadà náà bá a gòkè. Láti ìgbà náà ni mo ti ń rí àwọn àgbẹ̀ tó lọ gbé kẹ̀kẹ́ àtijọ́ jáde láti ẹ̀yìnkùlé, tí àwọn mìíràn sì ra tòkunbọ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Kẹ̀kẹ́ kì í mu epo. Ṣùgbọ́n bí a kò bá mọ rímù yàn, owó tí a rò pé a fi pamọ́ lórí epo, ọ̀dọ̀ atún-kẹ̀kẹ́-ṣe ni yóò máa lọ.

OHUN TÍ OJÚ MI RÍ

Ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni mo ti jáde, n kò kọ́ṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé agbègbè tí mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, mo ra kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan. Rímù rẹ̀ ń dán yinrinyinrin. Bàbá kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi máńgòrò ní ẹ̀bá ọjà fi èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ rímù náà kọjá. Ó mi orí, ó ní: "Ọ̀gá Àgírìkì, ẹ̀gbẹ́ rímù yìí ti fẹ́lẹ́. Ẹ má fi gun òkè, ẹ má fi sọ̀ kalẹ̀ o." Mo wò ó. Rímù náà gún régé, kò wọ́, kò dógùn-ún. Mo rò pé bàbá kàn fẹ́ ta tuntun fún mi ni. Mo dúpẹ́, mo bá tèmi lọ.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà tí mo di ìdì igi ẹ̀gẹ́ TME 419 méjì sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Mò ń gbé e lọ fún ẹgbẹ́ àwọn obìnrin àgbẹ̀ kan tí wọ́n ti kọ ebè sílẹ̀ dè mí. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ níbi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan, tí mo fún bíréèkì, mo gbọ́ "gbòà!" bí ìró ìbọn. Ẹ̀gbẹ́ rímù iwájú ti ya sílẹ̀ bí èèpo ẹ̀gẹ́. Táyà bẹ́ jáde, ó há mọ́ fọ́ọ̀kì, èmi àti igi ẹ̀gẹ́ sì di ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọlọ́run ló yọ mí, ìgúnpá àti orúnkún nìkan ló bó. Ṣùgbọ́n n kò dé ìpàdé lọ́jọ́ náà. Àwọn ìyá wa dúró títí oòrùn fi yí, wọ́n túká lọ sílé. Òjò rọ̀ lóru ọjọ́ náà. Ebè wà, omi wà, igi ẹ̀gẹ́ ni kò dé. Ọjọ́ kẹrin ni mo tó rí ọ̀kadà gbé e lọ.

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mo padà lọ bá bàbá náà, mo dọ̀bálẹ̀. Kò bú mi. Ó fún mi ní àpótí jókòó, ó ní kí n máa wò. Púpọ̀ nínú ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí, ẹnu rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

IṢẸ́ TÍ RÍMÙ Ń ṢE

Kí a tó yan nǹkan, ẹ jẹ́ ká mọ iṣẹ́ tó ń ṣe. Iṣẹ́ rímù pín sí mẹ́ta:

(a) Ó ń di etí táyà mú kí afẹ́fẹ́ má baà tì í jáde.

(b) Òun àti sípóòkù ló jọ ń gbé ẹrù. Sípóòkù ló ń fa rímù wọ inú láti gbogbo ìhà, bí okùn tí a fi ń fa àtíbàbà kí afẹ́fẹ́ má baà gbé e wó. Bí okùn kan bá dẹ̀, àtíbàbà yóò tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni rímù ṣe ń wọ́.

(d) Lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, rímù ni bíréèkì ń dì mú. Nítorí náà, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún bíréèkì lẹ ń rẹ́ díẹ̀ kúrò lára rímù yín. Ohun tó ṣe tèmi nìyẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ ni kẹ̀kẹ́ náà ti fi bíréèkì jẹ ẹ̀gbẹ́ rímù tán kó tó dé ọwọ́ mi.

ÌBÉÈRÈ MẸ́FÀ KÍ Ẹ TÓ SANWÓ

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń ta rímù, ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú "Èló ni?" Ẹ kọ́kọ́ wá èsì sí ìbéèrè mẹ́fà yìí.

1. Kí ni ìwọ̀n rẹ̀?

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó nìyí. Wọ́n á ní kí ẹ mú "26" tàbí "28", ẹ ó mú un délé, táyà ò ní wọ̀ ọ́. Ìdí ni pé orúkọ kan náà ni wọ́n fi ń pe ìwọ̀n tó yàtọ̀ síra. Nọ́ńbà tí kì í parọ́ ni èyí tí wọ́n máa ń tẹ̀ sára táyà, tó ní fífẹ̀ táyà níwájú, tó ní nọ́ńbà mẹ́ta lẹ́yìn, bíi 40-635 tàbí 37-590. Nọ́ńbà mẹ́ta ẹ̀yìn yẹn ni ìbú rímù láti ẹ̀gbẹ́ kan dé ẹ̀gbẹ́ kejì, níbi tí etí táyà ti ń jókòó. Mílímítà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ẹ wo àwọn tó wọ́pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa:

28 x 1½ ni 635. Kẹ̀kẹ́ gíga àtijọ́ àwọn bàbá wa nìyẹn.
700C, tí wọ́n tún ń pè ní 29 lára kẹ̀kẹ́ tuntun, ni 622.
26 x 1⅜ ni 590.
26 x 1.75, 26 x 1.95 àti irú wọn ni 559. Èyí ló wà lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ onítáyà títóbi.

Ẹ ṣàkíyèsí pé méjèèjì ìsàlẹ̀ yìí ni wọ́n ń pè ní 26, síbẹ̀ mílímítà 31 ló wà láàárín wọn. Ó ju íǹṣì kan lọ. Bákan náà, wọ́n lè kọ 28 sára táyà tó jẹ́ 622, kó má sì wọ rímù 635. Bí ẹ bá sì gbé táyà 635 lé rímù 622, yóò tú, yóò sì bọ́ jáde bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà ara táyà yín sínú ìwé kí ẹ tó jáde nílé. Ẹni tí kò bá lè kà á, kó gbé táyà náà dání lọ sí ọjà.

2. Ihò mélòó ló ní?

Iye ihò ara rímù gbọ́dọ̀ bá ti họ́ọ̀bù mu, ìyẹn àárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí ìdí sípóòkù ń wọ̀. Ẹ ka ti họ́ọ̀bù yín dáadáa. Kẹ̀kẹ́ gíga àtijọ́ tó wá láti Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní 32 níwájú àti 40 lẹ́yìn. Kì í ṣe àṣìṣe. Ẹ̀yìn ni ara ẹni àti ẹrù ń tẹ̀ jù, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fún un ní sípóòkù púpọ̀. Àwọn mìíràn jẹ́ 36 níwájú, 36 lẹ́yìn.

Bí ẹ bá ń gbé ẹrù, ẹ má gbà kí ti ẹ̀yìn dín ní 36. Èyí tó ní ihò 28 tàbí 24 fúyẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n eré ìdíje lórí títì ọ̀dà ni wọ́n ṣe é fún. Bí sípóòkù kan bá já lára 40, ẹ ó rọra gùn ún délé. Bí ọ̀kan bá já lára 24, rímù yóò wọ́ lójú ẹsẹ̀.

3. Irú bíréèkì wo ni kẹ̀kẹ́ yín ń lò?

Irú mẹ́ta ló wà, rímù wọn sì yàtọ̀.

Àkọ́kọ́ ni bíréèkì onírin, tí irin gbọọrọ ń fà á. Rọ́bà rẹ̀ ń tẹ abẹ́ rímù, ojú tó kọ sí họ́ọ̀bù. Rímù tó bá a mu ni èyí tí wọ́n ń pè ní Westwood. Ó ní ojú méjì tó rọra tẹ̀ kọdọrọ fún rọ́bà bíréèkì, ó sì ga díẹ̀ láàárín níbi tí sípóòkù ti wọlé.

Èkejì ni bíréèkì oníwáyà tó ń fún rímù ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Rímù tirẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tó dúró ṣánṣán, tó tẹ́jú. Bí ẹ bá gbé Westwood fún un, rọ́bà kò ní rí ibi dì mú dáadáa.

Ẹ̀kẹta ni bíréèkì onírin pẹlẹbẹ róbótó tó wà lára họ́ọ̀bù. Ó ń wọlé lára àwọn tòkunbọ̀ ìsinsìnyí. Rímù rẹ̀ kò ní ojú bíréèkì rárá, wọ́n sábà máa ń kùn ún ní dúdú títí kan etí. Ẹ má ṣe gbé irú rẹ̀ sára kẹ̀kẹ́ tó ń lo bíréèkì ẹlẹ́mú, bó ti wù kó dára tó lójú.

4. Ṣé irin ni, àbí álọ́ì?

Rímù irin tí wọ́n fi kúróòmù bò wúwo. Ọ̀kan lè tó kílò kan tàbí kó lé. Àǹfààní rẹ̀ ni pé bó bá tẹ̀, atún-kẹ̀kẹ́-ṣe lè fi òòlù lù ú padà bọ̀ sípò dé ìwọ̀n kan. Àléébù rẹ̀ jẹ́ méjì. Bí kúróòmù bá ṣí, ìpáàrà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́, pàápàá láti inú, lábẹ́ tíúbù níbi tí ojú ò tó. Èkejì, bí òjò bá pa á, bíréèkì oníwáyà ń yọ̀ lórí kúróòmù bí ẹsẹ̀ lórí ilá. Ibi tí ẹ ó ti dúró yóò jìnnà gan-an sí ibi tí ẹ ti fún bíréèkì.

Álọ́ì fúyẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó nípọn dáadáa sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí ìdajì kílò sí gíráàmù 700. Kì í dógùn-ún bí irin, bíréèkì sì ń dì í mú dáadáa nínú òjò. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ ju irin lọ, iyanrìn àti rọ́bà bíréèkì ń jẹ ẹ́. Bó bá sì tẹ̀ púpọ̀, ẹ má fi òòlù lù ú padà, yóò sán.

Ìmọ̀ràn mi rèé: bí kẹ̀kẹ́ yín bá ń lo bíréèkì onírin, ẹ dúró ti rímù irin Westwood tó nípọn. Bí ó bá jẹ́ oníwáyà tó ń fún ẹ̀gbẹ́, tí ẹ sì ń gùn ún lójoojúmọ́ ní ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò, álọ́ì ni kí ẹ rà.

5. Ṣé ògiri kan ni, àbí méjì?

Ẹ wo inú rímù láti ibi tí táyà ń jókòó. Bí ẹ bá rí orí sípóòkù tàbí ihò rẹ̀ lórí pẹpẹ kan ṣoṣo, ògiri kan nìyẹn. Bí ẹ bá rí i pé ihò òkè tóbi, tí pẹpẹ mìíràn sì wà nísàlẹ̀ tí orí sípóòkù jókòó lé, ògiri méjì nìyẹn. Ó dà bí àpótí nínú, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè wọ́ bó bá já sí kòtò. Fún álọ́ì, ẹ má ra ògiri kan bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù. Ẹ fi owó kún un, kí ẹ mú ògiri méjì.

Ẹ tún wo ihò sípóòkù. Bí òrùka irin kékeré bá yí i ká, ó dára. Òrùka yìí kì í jẹ́ kí orí sípóòkù ya álọ́ì. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ojú ìsopọ̀. Àwọn kan ni wọ́n fi iná jó pọ̀, àwọn kan ni wọ́n fi irin há nínú. Méjèèjì lè ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi èékánná gbà á kọjá, kò gbọdọ̀ kọ́ yín lọ́wọ́. Ojú ìsopọ̀ tó yọ gọ́ńgọ́ yóò máa fa bíréèkì gbùngbùn, yóò sì máa jẹ rọ́bà rẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ gbé rímù náà sórí tábìlì tó tẹ́jú tàbí sórí gíláàsì. Bí ó bá ń mì jẹ̀ẹ̀gẹ̀, ó ti lọ́. Ẹ fi igi tàbí tépù wọn ìbú rẹ̀ ní òòró, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n ní ìbú. Bí méjèèjì ò bá dọ́gba, kò róbótó mọ́.

6. Báwo ló ṣe fẹ̀ tó?

Táyà tó fẹ̀ lórí rímù tóóró yóò máa yí sọ́tùn-ún sósì bí ẹ bá yà. Táyà tóóró lórí rímù gbàràmù kò ní gba rímù lọ́wọ́ òkúta. Fún ọ̀nà oko tiwa tó jẹ́ taàrá àti kòtò, rímù tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mílímítà 19 sí 23 bá táyà 37 dé 47 mu dáadáa. Irú rẹ̀ náà ló bá ẹni tó ń ti ìlú kan lọ sí ìkejì pẹ̀lú ẹrù díẹ̀ mu, bíi tíṣà, akẹ́kọ̀ọ́, tàbí àwa òṣìṣẹ́ Àgírìkì.

RÍMÙ OLÓWÓ PỌ́Ọ́KÚ: Ẹ JẸ́ KÁ ṢÍRÒ Ó

Mo mọ ohun tí ẹ ó sọ: "Ọmọ wa, ibo la ti fẹ́ rówó èyí tó nípọn?" Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó bí a ṣe ń ṣírò owó ajílẹ̀. Owó tí mo fẹ́ lò yìí jẹ́ àpẹẹrẹ ìṣirò lásán, kì í ṣe iye tó wà lọ́jà. Ẹ fi iye tí wọ́n bá pè fún yín rọ́pò rẹ̀.

Ká ní rímù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jẹ́ ₦6,000, tí owó iṣẹ́ sì jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ni ₦8,000. Bí ó bá lo oṣù 5 kó tó wọ́, ₦1,600 lẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́ lóṣù kan.

Ká ní èyí tó nípọn jẹ́ ₦16,000, owó iṣẹ́ ṣì jẹ́ ₦2,000. Àpapọ̀ ni ₦18,000. Bí ó bá lo ọdún 3, ìyẹn oṣù 36, ₦500 lóṣù kan ni. Ẹ ò tíì ka ọjọ́ ọjà tó bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́, tàbí tòmátì tó fọ́ sínú apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí rímù wọ́.

Bí owó ò bá tó fún méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ kọ́kọ́ ra ti ẹ̀yìn. Òun ló ń gbé ẹrù jù. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbẹ́ ti iwájú bá ti fẹ́lẹ́, iwájú ni kí ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀, nítorí òun ló ń dáni ṣubú.

BÍ Ó BÁ JẸ́ TÒKUNBỌ̀

Kò sí ohun tó burú nínú rímù tòkunbọ̀, bí ẹ bá mọ ibi tí a ń wò:

(a) Ẹ fi èékánná gba ojú bíréèkì kọjá láti òkè dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá kòtò bí ojú síbí, ó ti jẹ tán. Ẹ tún lè gbé etí rúlà lé e: bí ìmọ́lẹ̀ bá kọjá lábẹ́ rúlà láàárín, bíréèkì ti jẹ ẹ́ lọ.

(b) Àwọn mìíràn ní ìlà tóóró tàbí ihò kékeré tí wọ́n fi ṣe àmì lójú bíréèkì. Bí bíréèkì bá ti jẹ ojú náà débi tí ìlà tàbí ihò yìí kò hàn mọ́, rímù ti parí iṣẹ́ rẹ̀.

(d) Ẹ nu eruku kúrò, kí ẹ wo ẹ̀bá ihò sípóòkù kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá rí ibi tó sán bí irun orí, ẹ dá a padà. Kò sí àtúnṣe fún un.

(e) Ẹ wo inú rímù irin, lábẹ́ rọ́bà tó bo orí sípóòkù. Ibẹ̀ ni ìpáàrà ń fara pamọ́ sí.

LẸ́YÌN TÍ Ẹ BÁ TI RÀ Á

Rímù tó dára tí wọn kò fa sípóòkù rẹ̀ dáadáa, kò sàn ju èyí tí kò dára lọ. Ẹ bá atún-kẹ̀kẹ́-ṣe sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí.

Àkọ́kọ́, gígùn sípóòkù. Rímù ògiri méjì sábà máa ń ga nínú ju ògiri kan lọ, ó sì ń fẹ́ sípóòkù tó kúrú sí i. Bí ẹ bá fi sípóòkù àtijọ́ há a, orí rẹ̀ lè yọ sókè kó gún tíúbù. Ìnípọn sípóòkù tó wọ́pọ̀ ni géèjì 14, ìyẹn mílímítà 2. Fún ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tó ń gbé ẹrù, géèjì 13 nípọn ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ihò họ́ọ̀bù àti ti rímù bá gbà á.

Èkejì, ìfàsókè sípóòkù. Nígbà tó bá parí, ẹ fi ìka ta sípóòkù kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ta okùn gòjé. Níwájú, ohùn gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọra. Lẹ́yìn, níbi tí ṣéènì wà, àwọn ti ẹ̀gbẹ́ kan lè dún tín-ínrín ju ti ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, ṣùgbọ́n àwọn tó wà ní ẹ̀gbẹ́ kan náà gbọ́dọ̀ jọra. Èyí tó bá ń dún bọ̀ọ̀ ti dẹ̀. Sípóòkù tó dẹ̀ ló ń tètè já, nítorí pé ó ń rọ̀, ó ń le, ní gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá yí.

Ẹ̀kẹta, ẹ padà lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì. Sípóòkù tuntun máa ń jókòó, á sì dẹ̀ díẹ̀. Kó tún un fà. Ìpadàlọ yìí ni ọ̀pọ̀ wa kì í ṣe, òun ló sì ń gba rímù là.

ÌTỌ́JÚ

(a) Ẹ máa fẹ́ táyà dáadáa. Táyà tó rọ̀ ni ọ̀tá rímù àkọ́kọ́. Bó bá já sí òkúta, òkúta á tẹ táyà títí á fi kan etí rímù, á sì tẹ̀ ẹ́. Ẹ wo iye afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sára táyà, ẹ má sì kọjá rẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní àràárọ̀ kí ẹ tó gbéra.

(b) Ẹ di ẹrù kó dọ́gba lọ́tùn-ún àti lósì, kó sì sún mọ́ ilẹ̀. Àpò méjì tó rọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ káríà sàn ju àpò gíga kan lókè lọ. Bí ẹ bá dé kòtò, ẹ dìde díẹ̀ lórí ìjókòó tàbí kí ẹ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tì í.

(d) Ẹ nu iyanrìn àti ẹrẹ̀ kúrò lójú bíréèkì. Ẹ yọ òkúta kékeré tó bá há sára rọ́bà bíréèkì. Ẹ má jẹ́ kí òróró kan rímù.

(e) Nínú òjò, ẹ rọra fi bíréèkì kan rímù ṣáájú kí ó lè nu omi kúrò, kí ẹ tó wá fún un gan-an. Ẹ sì tètè bẹ̀rẹ̀.

(ẹ) Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ délẹ̀, ẹ yí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí rímù bá ń kan rọ́bà bíréèkì níbì kan tí kò kàn án níbòmíràn, ó ti ń wọ́. Ẹ tètè gbé e lọ nígbà tí àtúnṣe rẹ̀ ṣì kéré.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́

1. Nọ́ńbà mẹ́ta wo ló wà lára táyà kẹ̀kẹ́ yín? Ẹ lọ wò ó, kí ẹ mú un wá sí ìpàdé.
2. Kí ló dé tí sípóòkù ẹsẹ̀ ẹ̀yìn fi máa ń pọ̀ ju ti iwájú lọ lára kẹ̀kẹ́ àtijọ́?
3. Ta ni nínú ẹgbẹ́ yín tí rímù rẹ̀ ti kòtò bí ojú síbí? Ẹ jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èmi mọ igi ẹ̀gẹ́, bàbá abẹ́ igi máńgòrò mọ rímù. Kẹ̀kẹ́ mi ti ní rímù álọ́ì ògiri méjì báyìí, onísípóòkù 36. Ní àràárọ̀ tí mo bá fẹ́ jáde lọ bá yín, mo máa ń fi èékánná gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin náà ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Fún àlàyé síwájú sí i, ẹ rí òṣìṣẹ́ Àgírìkì agbègbè yín ní ọjọ́ ìpàdé. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ yín dání wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò. Oko á gbè wá o.